Ta Ló Yan Ọ̀nà fún Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a mú wá lónìí. Kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn àwọn ọmọ wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n, obìnrin ni àbúrò. Abúlé wọn kò jìnnà sí Ìgólò, ní ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni. Nígbà tí ọmọkùnrin pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó gun alùpùpù, ó ń gbé bẹntiróòlù wá láti òdìkejì ààlà. Nígbà tí ọmọbìnrin náà pé ọdún mẹ́rìndínlógún, òun náà ti kúrò ní ilé-ìwé. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ta ọjà, àwọn ènìyàn sì ti ń wá tọrọ rẹ̀ fún ọkọ. Bí a bá bi àwọn ará ilé pé kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, wọn á ní, "Bí orí wọn ṣe yàn án nìyẹn."

Àwa Yorùbá gbà pé ẹ̀dá yan orí rẹ̀ ní ọ̀run kí ó tó wá sí ayé. Àwọn àgbà sì ní àyànmọ́ ò gbóògùn. A kò bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí à ń pè ní àyànmọ́, ọ̀pọ̀ ló wà tí kì í ṣe orí ló yàn án. Ènìyàn ló fa ìlà sí ilẹ̀, tí ó ní ọmọ ìhín nìyí, ọmọ ọ̀hún nìyẹn. Ènìyàn ló ní iṣẹ́ ọkùnrin nìyí, iṣẹ́ obìnrin nìyẹn. Ohun tí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ènìyàn lè tún un yàn. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní ìdí ọ̀pẹ

Láti ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pẹ ti jẹ́ ọrọ̀ ilẹ̀ wa. Ọkùnrin ló ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Òun ló ń gé ìdì eyìn sílẹ̀. Obìnrin ló ń gbé eyìn relé. Òun ló ń sè é, tí ó ń gún un, tí ó ń yọ epo rẹ̀. Obìnrin náà ló ń pa ekùrọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ló ni owó epo, ìyá ló ni owó ekùrọ́.

Ọmọkùnrin ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko, ó ń kọ́ bí a ti ń so igbà. Ọmọbìnrin ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ìdí iná àti sí ọjà, ó ń kọ́ bí a ti ń wọn epo àti bí a ti ń ṣírò owó. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Kò sí ìwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́ ọ kì í fi ebi sùn. Ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé obìnrin ilẹ̀ wa ń jókòó lásán. Obìnrin ọlọ́jà ní àpò tirẹ̀. Ó ń yá ènìyàn lówó, ó ń ra aṣọ fún ọmọ, ó ń san owó ẹgbẹ́.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Ilẹ̀ àti igi ọ̀pẹ, ọwọ́ ọmọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń bọ́ sí bí bàbá bá kú. Ọmọbìnrin ṣe epo lára ọ̀pẹ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó lọ sí ilé ọkọ, ó ṣe epo lára ọ̀pẹ ọkọ rẹ̀. Ó mọ epo ṣe, kò ní ọ̀pẹ.

Ìlà tí wọ́n fà ní ọdún 1889

Epo yìí kan náà ló fa òyìnbó wá. Ní ìlú wọn, wọ́n ń fi epo àti àdín ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń fi í pa ara ẹ̀rọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní ọdún 1861. Àwọn Faransé wà ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Porto-Novo. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn dù ú. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, wọ́n jókòó ní Paris, wọ́n sì fẹnu kò lórí ibi tí ààlà wọn yóò gbà.

Ìfọ̀nyìn, Ṣakẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìpókíá àti Ìláròó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, tí ó jẹ́ ìlú àwọn ará wa, wà ní Nàìjíríà títí di òní. Ẹlòmíràn, ilé rẹ̀ wà níhìn-ín, oko rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ẹlòmíràn, ìyá rẹ̀ di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ di ọmọ Faransé. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Ìlà náà kò pẹ́ tí ó fi di ohun tí ń yan ọ̀nà fún ọmọ. Ìjọba Faransé ń fi tipátipá kó ọkùnrin ṣe iṣẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì ń kó wọn ru ẹrù. Ní ọdún 1912 wọ́n ṣe òfin tí ó fún wọn láṣẹ láti fi dandan mú ọmọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù ní ọdún 1914, àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó láti gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ogun náà lé ní 160,000. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n wà lápá Pọ́bẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n bá Faransé jà láàárín ọdún 1914 sí 1916.

Àwọn mìíràn kò jà, wọ́n sá. Wọ́n ré ààlà kọjá lóru, wọ́n bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe pé ibẹ̀ dùn bí oyin. Gẹ̀ẹ́sì náà ń gba owó orí. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ń sá, ó sàn ju kí wọ́n kó o lọ sí ogun tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i o. Àwọn wo ló sá jù? Ọkùnrin ni, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, nítorí ọkùnrin ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ọkùnrin bá sì sá, ta ló ń ṣe iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀? Ìyá rẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Ìlà kan náà ló di ẹsẹ̀ eré fún ọkùnrin, tí ó sì di ẹrù lórí obìnrin.

Ní ọdún 1946 ni wọ́n fi òfin pa iṣẹ́ tipátipá rẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin ilẹ̀ wa ti kọ́ ohun kan: bí nǹkan bá le nílé, kí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ó ré ààlà kọjá. Títí di òní, ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún.

Ilé-ìwé níhìn-ín, ilé-ìwé lọ́hùn-ún

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Láti Ìgólò dé Ìdí-Ìrókò kò jìnnà, ẹsẹ̀ lásán tó láti rìn ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1955, ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Ìdí-Ìrókò kò ṣí fún ọmọ Ìgólò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ní kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tọkùnrin tobìnrin. Ní ọdún 1954, ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ìwé ní agbègbè náà. Ní ọdún 1955, wọ́n di 811,432. Láàárín ọdún kan ṣoṣo!

Ní ìhà tiwa, tí à ń pè ní Dàhòmì nígbà náà, kò sí irú rẹ̀. A kò ní sọ pé Dàhòmì kò mọ ìwé. Àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ tó ti Dàhòmì lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé mìíràn pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé pọ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Wìdà àti ní Kútọnu ju bí ó ti pọ̀ ní abúlé lọ. Ọmọ ọkùnrin sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọmọ obìnrin lọ.

Ọmọbìnrin mélòó kan rí ọ̀nà. Ní ọdún 1918, Faransé ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ agbẹ̀bí níbẹ̀. Ní ọdún 1938, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní Rufisque, nítòsí Dakar, láti kọ́ ọmọbìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ọmọbìnrin Dàhòmì wà nínú àwọn tó lọ síbẹ̀. Àwọn òbí wọn ní ìgboyà, nítorí Dakar jìnnà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún wọn. Agbẹ̀bí àti olùkọ́. Iṣẹ́ tó níyì ni méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú wa ni irú wọn gbẹ̀bí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ti pinnu pé bí obìnrin bá kàwé, kí ó máa tọ́jú ọmọ náà ni. Ọmọkùnrin tó kàwé lè di akọ̀wé, ògbufọ̀, dókítà tàbí olóṣèlú. Kì í ṣe àwa nìkan la ń pín iṣẹ́ sí tọkùnrin àti tobìnrin.

Kí ló dé tí bàbá kò fi rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ? Ẹ má jẹ́ kí a bú àwọn bàbá wa. Wọ́n ní ìdí. Ilé-ìwé jìnnà, ọ̀nà kò sì dára. Owó kò tó fún ọmọ méjì, ó di dandan kí a mú ọ̀kan. Wọ́n ní ọmọbìnrin yóò lọ sí ilé ọkọ, èrè ìwé rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ó má lóyún lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Ìyá náà ní tirẹ̀ pé, "Ta ni yóò máa bá mi pọn omi?" Ilé kọ̀ọ̀kan ro tirẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nínú ọmọ mẹ́ta tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí ẹyọ kan ló jẹ́ obìnrin.

Ààlà kì í ṣe oko

Ẹnìkan lè ní, "Àwọn ọkùnrin ló jẹ èrè rẹ̀ nígbà náà." Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí à ń retí lọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà ń ba ayé tirẹ̀ jẹ́. À ń sọ fún un pé ọkùnrin kì í jókòó sílé, pé kí ó wá owó wá kíákíá. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá sì rí ààlà nítòsí, ìwé a sú u. Ó di ẹni tí ń gbé bẹntiróòlù tí à ń pè ní kpayo, tàbí ó di ẹni tí ń fi alùpùpù gbé èrò, tí à ń pè ní zémidjan. Kò sí ẹ̀gàn nínú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì ń ṣe bí ó bá kan iná. Ọmọ ènìyàn ló ń jóná.

Ààlà kì í ṣe oko. Oko, ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ààlà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba méjì. Ní ọdún 1984, Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ pa, ó di ọdún 1986 kí ó tó ṣí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó tún tì í. Ti Ìdí-Ìrókò kò ṣí fún ọjà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ tó wà lórí bẹntiróòlù, iye rẹ̀ sì fò sókè lọ́jọ́ díẹ̀. Ẹni tí ààlà nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ààlà tì, ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ mìíràn, àwọn ló rí ibi yà sí.

Ọmọbìnrin náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn òbí kan ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, tí à ń pè ní vidomègon. Láyé àtijọ́, ọ̀dọ̀ ìbátan ni ọmọ ń lọ, láti kọ́ ìwà àti iṣẹ́. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ti di ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í rí ilé-ìwé. Ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ṣe òfin ní oṣù kẹrin ọdún 2006 tí ó dá ẹni tí ń kó ọmọ kiri lẹ́kun.

Òfin tó yí padà

Nígbà tí a bá fẹ́ yí nǹkan padà, ẹnìkan á ní, "Àṣà wa kò gbà bẹ́ẹ̀." Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1931, àwọn aláṣẹ Faransé kọ ìwé kan tí wọ́n ní ó jẹ́ àṣà Dàhòmì. Nínú ìwé náà, wọ́n ka obìnrin mọ́ ohun ìní ọkùnrin, bí ẹni ka ewúrẹ́ mọ́ ẹrù. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá wa ń ná owó ara wọn lọ́jà lọ́dún náà! Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní àṣà ni bàbá wa fi sílẹ̀. Òmíràn wà tí akọ̀wé òyìnbó fi gègé rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1996, ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ńlá ilẹ̀ wa sọ pé ìwé náà kì í ṣe òfin.

Òfin ńlá tí a fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 1990 ti sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba níwájú òfin. Ní ọdún 1993, ìjọba yọ owó ilé-ìwé kúrò lórí àwọn ọmọbìnrin abúlé. Ní ọdún 2006, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2004, òfin ìdílé jáde. Òfin náà ní kí ọkọ àti ìyàwó pé ọdún méjìdínlógún kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn. Ó ní àfi kí àwọn méjèèjì fi ẹnu ara wọn gbà. Ó tún ní bí bàbá tàbí ìyá bá kú, kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin pín ogún dọ́gba-dọ́gba. Ẹ rántí ẹni tó mọ epo ṣe tí kò ní ọ̀pẹ. Lábẹ́ òfin yìí, ó ní ọ̀pẹ.

Ṣùgbọ́n òfin kì í rìn wọ abúlé fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń mú un wọlé.

Agbára ìwé

A ó mú àpẹẹrẹ kan wá láti Abẹ́òkúta, nítorí ó jọ ti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ní ọdún 1914, ilé-ìwé gíráámà Abẹ́òkúta gba ọmọbìnrin fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Fúnmiláyọ̀, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ní obìnrin kì í kàwé. Nígbà tí ó dàgbà, ó ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé. Ní ọdún 1944, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Àgbàlagbà ni wọ́n, bíi tiyín.

Kò pẹ́, àwọn ọlọ́jà àti àwọn tó kàwé di ọ̀kan. Láàárín ọdún 1947 sí 1948, wọ́n jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró. A kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè lọ bá ọba jà o. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní àgbà kò pẹ́ jù. Ìyá tó ń kàwé lálẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ń wò ó. Bàbá tó ń kàwé, ọmọkùnrin rẹ̀ kò ní sọ pé ìwé kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ wa

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kò yan abúlé etí ààlà. Wọn kò yan ọkùnrin tàbí obìnrin. Èyí ni ti Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n pé ọkùnrin etí ààlà gbọ́dọ̀ gbé kpayo, pé obìnrin etí ààlà gbọ́dọ̀ tètè relé ọkọ, èyí kì í ṣe ti Ọlọ́run. Tiwa ni. Bí ilé-ìwé bá tún ṣí, tí owó kò sì tó, kí a tó mú ọ̀kan kí a fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn méjèèjì jókòó, kí a bi wọ́n pé: "Kí ni ìwọ fẹ́?" Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹnikẹ́ni kò bi ní ìbéèrè yìí rí.

Àyànmọ́ ò gbóògùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a máa di ẹ̀bi tiwa lé orí ọmọ.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé:

1. Ní abúlé yín, iṣẹ́ wo ni wọ́n ní obìnrin kò gbọ́dọ̀ ṣe? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ní ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ ṣe? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

2. Nígbà tí wọ́n ti ààlà ní ọdún 2019, àwọn wo ni ìyà jẹ jù ní abúlé yín? Àwọn wo ló rí ibi yà sí, kí sì ni wọ́n mọ̀ tí àwọn yòókù kò mọ̀?

3. Ọmọbìnrin mélòó ní abúlé yín ló parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tẹ̀ síwájú? Kí ló dá wọn dúró, kí sì ni ẹgbẹ́ yín lè ṣe sí i?